Ẹgba Kò Lè Ṣe Iṣẹ́ Àlàyé

Ní orúkọ Ọlọ́run Allah, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí ó dá ènìyàn, tí ó sì fún un ní làákàyè. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad, olùkọ́ tí kò ní ẹgbẹ́, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo Sàhábà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè korò létí àwọn kan. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ilé kéú wa.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ kò gùn. Kíkọ́ ọmọ ni pé kí ohun tí a sọ fún un yé e, kí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ó sì lè fi ṣe nǹkan. Ohun tí kò bá yé ọmọ, bí ó tilẹ̀ há a sórí tí kò fi lẹ́tà kan sílẹ̀, ẹrù ẹlẹ́rù ni ó rù. Àṣà mẹ́ta ni mo rí tí ń ba ìyẹn jẹ́ láàárín wa: àṣà sáré-parí, àṣà ẹgba, àti àṣà má-béèrè. Mo fẹ́ fi hàn pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí sáré-parí. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà, ó so lẹ́tà pọ̀, ó bọ́ sí àwọn súrà kéékèèké, ó ń gun òkè lọ ní hísíbù-hísíbù títí tí ó fi pé 60. Ọjọ́ wòlímátì dé. A ta àtíbàbà, a pa àgbò, ìyá ọmọ pín aṣọ ẹgbẹ́jọdá, a wé làwàní fún ọmọ, gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò. Ó dára. Ayọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ẹ pe ọmọ náà sí kọ̀rọ̀, kí ẹ ní kí ó sọ ìtumọ̀ Fátíhà fún yín ní èdè Yorùbá. Áyà méje péré ni Fátíhà ní. Nínú ìrun ọ̀ranyàn márààrún nìkan, ìgbà 17 ni Mùsùlùmí ń kà á lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ti wé làwàní fún ni yóò wo ilẹ̀. Ìgbà 17 lójúmọ́ ni ọmọ náà ń bá Ọba rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì mọ ohun tí òun ń sọ. Kí wá ni a parí?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Èmi kò bu ẹnu àtẹ́ lu híhá Àlùkùránì sórí. Ẹ̀san ń bẹ fún ẹni tí ń kà á, títí kan ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wúwo tí ó ń tiraka. Ohun tí mo ń bá jà ni kí a pe ìbẹ̀rẹ̀ ní ìparí. Imāmu Māliki, ẹni tí ìlànà rẹ̀ ni a ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ Yorùbá, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Muwatta pé ọdún 8 gbáko ni Abdullahi ọmọ Umar lò lórí Súrà Bákárà nìkan. Ọmọ Lárúbáwá ni Abdullahi. Èdè tí a bí i sí ni èdè Àlùkùránì. Kò sì sí àní-àní pé ó lè há áyà 286 sórí kí ọdún kan tó pé. Kí ni ó ń ṣe fún ọdún 8? Ó ń kọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì ń fi ṣe ìwà. A tún gbọ́ nípa àwọn Sàhábà pé bí wọ́n bá kọ́ áyà mẹ́wàá, wọn kì í kọjá sí òmíràn títí tí wọn yóò fi mọ ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ó pa láṣẹ. Bí àwọn tí wọ́n ni èdè náà bá ń rọra, kí ni ọmọ Ìsẹ́yìn tàbí ọmọ Ìwó ń sáré lé?

Mo mọ ẹni tí ó ń lé wa. Owó ni. Ọ̀pọ̀ aáfà ni kò gba owó oṣù. Kọ́bọ̀ ọjọ́rú tí ọmọ ń mú wá kò tó ra ọṣẹ. Nítorí náà wòlímátì ni ìkórè aáfà, bí àgbẹ̀ sì ti ń retí ìkórè ni òun náà ń retí ọjọ́ tí ọmọ yóò parí. Òbí tí kò lè san owó oṣù fún aáfà ní ọdún márùn-ún ni yóò ná owó ńlá lórí àtíbàbà, oúnjẹ àti onílù ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀bi yìí kan yín ju aáfà lọ. Ẹ gba ìdajì owó àsè náà, kí ẹ pín in sí oṣù-oṣù fún ẹni tí ń kọ́ ọmọ yín, kí ẹ wá wò ó bóyá yóò tún máa sáré.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹgba. Bí òbí bá ń fa ọmọ lé aáfà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Aáfà, ẹ nà án dáadáa o, ojú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ má fọ́." Aáfà a rẹ́rìn-ín, ọmọ a sì mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ibi ìjìyà ni wọ́n mú òun wá.

Mo bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi: iṣẹ́ wo ni ẹgba ń ṣe? Ọmọ Yorùbá tí ó bá pe lẹ́tà "ayn" bí ẹni ń pe "alifu" kò ṣe oríkunkun. Èdè wa ni kò ní ìró náà. Ọ̀fun rẹ̀ kò tíì mọ ibi tí ó ti ń jáde. Bí a bá nà án ní ẹgba mẹ́wàá, ṣé ẹgba ni yóò fi ibẹ̀ hàn án? Olùkọ́ ni yóò la ẹnu, tí yóò pè é díẹ̀díẹ̀, tí ọmọ yóò máa wò ó lẹ́nu, tí yóò sì tún un pè títí tí yóò fi bọ́ sí i. Èmi tí mò ń kọ èyí jókòó sórí ẹní ilé kéú, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé. Wọ́n nà mí ní ibi méjèèjì. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ lónìí, kò sí ọ̀kan tí ẹgba là yé mi.

Àwọn tí ń na ọmọ ní ẹ̀rí lẹ́nu. Wọn a ní Ànábì wa sọ pé kí a pàṣẹ ìrun fún ọmọ ní ọmọ ọdún 7, kí a sì nà án lé e lórí ní ọmọ ọdún 10. Òótọ́ ni, hádíìsì náà wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Láti ọdún 7 sí ọdún 10 jẹ́ ọdún mẹ́ta. Ọdún òṣùpá kan jẹ́ ọjọ́ 354. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni ìrun. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀, ìgbà tí ó lé ní 5,000 ni bàbá yóò ti fi ẹnu pe ọmọ kí ọ̀rọ̀ ẹgba tó wáyé rárá. Lórí ìrun ni, tí í ṣe òpó ẹ̀sìn. Àwọn onímọ̀ sì ṣe àlàyé pé ẹgba tí kò ní dá ọgbẹ́ ni, tí kò sì gbọdọ̀ kan ojú. Èwo nínú wa ni ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọmọ ní ìgbà 50, kí a má tíì sọ 5,000, kí ó tó na ọwọ́ mú àtòrì nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo?

Gbogbo wa tí a kàwé ní ìlànà àtijọ́ ni a mọ ìwé Risālah ti Ibn Abi Zayd ará Kairouan, ẹni tí ó kú ní ọdún 996. Òun ni a fi kọ́ wa ní òfin ìrun, sàká àti ààwẹ̀. Ibn Khaldun, ọ̀mọ̀wé ńlá tí ó kú ní ọdún 1406, sọ nínú ìwé rẹ̀ Muqaddimah pé Ibn Abi Zayd yìí kan náà kọ ìwé lórí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ó sì là á sílẹ̀ níbẹ̀ pé bí nínà bá tilẹ̀ di dandan, kò gbọdọ̀ ju ẹgba mẹ́ta lọ. Ibn Khaldun fúnra rẹ̀ ya orí kan sọ́tọ̀ nínú ìwé náà láti fi hàn pé líle mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń pa á lára. Ó ní ọmọ tí a bá fi ìyà tọ́ yóò di ọ̀lẹ, yóò kọ́ irọ́ pípa, ohun tí ó wà lójú rẹ̀ yóò sì yàtọ̀ sí ti inú rẹ̀ nítorí ẹ̀rù, títí tí ẹ̀tàn yóò fi di ìwà rẹ̀. Ó ti lé ní 600 ọdún tí ó ti kọ ọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé òyìnbó ni ó mú ọ̀rọ̀ má-na-ọmọ wá, kí ó lọ tún ìwé kà.

Ẹ má sì jẹ́ kí a ṣe bí ẹni pé a kò rí ohun tí ojú ayé ti rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde láti ibì kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní ibi ìtúnwàṣe ní orúkọ Ìsìláàmù. A rí àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, fídíò jáde láti Gánmọ́, lẹ́bàá Ìlọrin, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti yí ọmọ kéú ká tí wọ́n ń fi ẹgba lù wọ́n, tí ọmọbìnrin sì wà nínú wọn. Ìjọba Kwara dá sí i. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé àwọn òbí kan jáde láti sọ pé àwọn ni àwọn fọwọ́ sí i. Àwọn tí kò fẹ́ràn ẹ̀sìn wa kò ní láti wá ẹ̀sùn kiri mọ́. Àwa ni a gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ wá wo bí Ànábì wa ti ń ṣe é. Mu'awiya ọmọ al-Hakam, ọmọ ẹ̀yà Sulaym, wọ ìrun lẹ́yìn Ànábì. Ẹnìkan sín, òun sì ṣe àdúrà fún un sókè láàárín ìrun. Àwọn ènìyàn ń wò ó kọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ lu itan. Nígbà tí ìrun parí, ọkùnrin náà jẹ́rìí pé òun kò rí olùkọ́ tí ó dára ju Ànábì lọ, ṣáájú tàbí lẹ́yìn: kò jágbe mọ́ òun, kò lu òun, kò bú òun. Ó kàn sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ènìyàn kò yẹ nínú ìrun, ó sì sọ ohun tí ó yẹ níbẹ̀. Inú ìwé hádíìsì Muslim ni ó wà. Àṣìṣe náà wáyé nínú ìrun, lójú gbogbo ìjọ, àlàyé ni ó sì tún un ṣe.

Ẹ̀kẹta ni má-béèrè. Ọmọ bá ní, "Aáfà, kí ló dé tí ìrun Àsùbáà fi jẹ́ ràkáà méjì tí Àìlà sì jẹ́ mẹ́rin?" A ó ní ó ya aláfojúdi. A ó ní kò ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Nígbà mìíràn, kì í ṣe pé ìbéèrè náà burú. Àwa ni a kò ní ìdáhùn, ojú sì ń tì wá. Ṣùgbọ́n kí ni ó burú nínú kí a sọ fún ọmọ pé bí Ànábì ti kọ́ wa nìyí, pé nínú ìjọ́sìn àwa ń tẹ̀ lé ni? Kí ni ó sì burú nínú kí aáfà sọ pé, "N kò mọ̀, n ó wò ó nínú ìwé"? Imāmu Māliki fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ rẹ̀, gbajúmọ̀ fún sísọ pé òun kò mọ̀. Ta ni àwa?

Ẹ rántí hádíìsì Jibrīl, èyí tí í ṣe ìkejì nínú Ogójì Hádíìsì Nawawi tí àwọn ọmọ wa ń há sórí. Mọ̀láíkà wá ní àwọ̀ ènìyàn, ó jókòó, ó fi orúnkún kan orúnkún Ànábì, ó sì ń béèrè: kí ni Ìsìláàmù, kí ni ìgbàgbọ́, kí ni ṣíṣe dáadáa, nígbà wo ni ọjọ́ ìkẹyìn? Nígbà tí ó lọ, Ànábì sọ fún àwọn Sàhábà pé Jibrīl ni, pé ó wá kọ́ wọn ní ẹ̀sìn wọn ni. Ẹ gbọ́ o: ìbéèrè ni mọ̀láíkà fi kọ́ wọn. Lórí ìbéèrè nípa ọjọ́ ìkẹyìn, Ànábì dáhùn pé ẹni tí a bi kò mọ̀ ọ́n ju ẹni tí ń béèrè lọ. A ń mú ọmọ há hádíìsì yìí sórí, a sì ń nà án bí ó bá ṣe bí Jibrīl ti ṣe!

Wọn a tún fa ọ̀rọ̀ Ànábì Mūsā àti Khidr yọ láti inú Súrà Káhàfì, pé Khidr sọ fún Mūsā kí ó má béèrè nǹkan kan. Ẹ kà á dé òpin. Khidr kò ní kí ó má béèrè láéláé. Ó ní kí ó dúró títí òun fúnra òun yóò fi mú ọ̀rọ̀ náà wá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pínyà, ó ṣe àlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan: ti ọkọ̀ ojú omi, ti ọmọkùnrin, àti ti ògiri. Gbèsè àlàyé ni ó san. Aáfà tí ó bá fẹ́ fi Khidr ṣe àwíjàre, òun náà kí ó san gbèsè tirẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, èwu ńlá ń bẹ nínú àṣà yìí. Ìbéèrè tí a bá lé jáde ní ilé kéú kò ní kú. Inú fóònù ni yóò lọ wá ìdáhùn, tàbí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tí kò mọ̀, tàbí ọ̀dọ̀ oníwàásù tí ń fi ìbínú kọ́ ọ̀dọ́. Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí a pa lẹ́nu mọ́ ní oríta yóò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tí ó bá na ọwọ́.

Báwo wá ni kí a ti ṣe é? Èmi yóò sọ bí mo ti ń ṣe é. Ọmọ kì í kọjá áyà kan lọ́dọ̀ mi títí yóò fi lè sọ ọ́ ní Yorùbá, kì í ṣe gbólóhùn tí mo sọ, bí kò ṣe gbólóhùn tirẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn kíláàsì jẹ́ ti ìbéèrè àwọn ọmọ. Ọmọ tí ó ti mọ̀ ni mo ń ní kí ó kọ́ àbúrò rẹ̀, nítorí ẹni tí kò lè là á yé ẹlòmíràn kò tíì mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo ń ní kí ó fi ṣiṣẹ́.

Àpẹẹrẹ kan nìyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó lè ka áyà 11 àti 12 nínú Súrà Nísáì láìwo ìwé. Áyà ogún ni wọ́n. Mo wá ní: ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó kan, bàbá, ìyá, àti ọmọkùnrin kan sílẹ̀, kò sí gbèsè, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦240,000. Ẹ pín in. Ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, ₦30,000. Bàbá gba ìdá kan nínú mẹ́fà, ₦40,000. Ìyá gba ìdá kan nínú mẹ́fà, ₦40,000. Ọmọkùnrin gba ìyókù, ₦130,000. Ọmọ tí ó há áyà sórí tí kò mọ ìṣirò kò lè pín in. Ọmọ tí ó mọ ìṣirò ilé ìwé tí kò mọ áyà kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí méjèèjì bá pàdé ni áyà náà yóò yé ọmọ, tí yóò sì mọ̀ pé Ọlọ́run kò sọ ọ̀rọ̀ òfìfo. Ẹ rántí pé lẹ́yìn ogun Badr, àwọn ìgbèkùn Mákà tí wọ́n mọ̀ ọ́n kọ ni Ànábì ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Màdínà ní kíkọ, kí wọ́n fi ra ara wọn padà. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí. Ìmọ̀ tí ó wúlò kò ní láti wọ làwàní kí a tó gbà á.

Ẹni tí ó bá ní àṣà tuntun ni mo ń mú wá, kí ó wo ẹ̀yìn. Ní ọdún 1896 ni ìjọba ṣí ilé ìwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Ní 1923 ni àwọn ọ̀dọ́ Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìfi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1952 ni Sheikh Adam Abdullahi al-Ilory dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí ó gbé e lọ sí Agége ní 1955, tí ó sì fi kíláàsì, pátákó àti ìdánwò kọ́ni ní kéú. Kì í ṣe gbogbo aáfà ni ó kọ́kọ́ gbà á. Lónìí, ta ni ó lè ka iye ọ̀mọ̀wé tí ibẹ̀ ti mú jáde? Àwọn bàbá wa yí bí a ti ń jókòó kàwé padà. Bí a ti ń mú kí ó yé ọmọ ni ó kù fún wa láti yí padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má tún bi ọmọ yín pé, "Hísíbù mélòó ni o kà?" Ẹ bi í pé, "Kí ni ó yé ọ lónìí?" Ẹ̀yin aáfà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbé ẹgba sí àjà fún oṣù mẹ́ta péré, kí ẹ fi àlàyé rọ́pò rẹ̀, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lórí ìkúnlẹ̀ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a kọ́ tí kò yé, òun náà yóò bá wọn tà á, yóò sì máa ka áyà lé e lórí.

Kí Ọlọ́run Allah fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ wa, kí Ó fún wa ní ìmọ̀ tí ń ṣe ènìyàn ní àǹfààní, kí Ó sì má fi àwọn ọmọ wa tàn wá. Àmín.